Àlọ́ tí ó Wọ Ẹ̀wù Ìtàn: Àyẹ̀wò Sinimá *The Witch*

Ọmọ Yorùbá tí ó bá ń jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní alẹ́ ti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àlọ́ àti ìtàn kí ó tó mọ ìwé kíkà. Bí apàlọ́ bá ti ké sí àwọn ọmọdé, tí wọ́n sì ti dá a lóhùn, gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ti gbà pé ìjàpá lè sọ̀rọ̀, pé igi lè rìn, pé òkú lè kọrin. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ọdún tí ó ṣẹlẹ̀ tàbí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá ń pa ìtàn ìdílé, tí ó ń sọ bí àwọn baba ńlá ti ṣe dé ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí, ọ̀tọ̀ ni etí tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Ìtàn ni wọ́n fi ń jà fún ilẹ̀, òun ni wọ́n fi ń du oyè. Ẹni tí ó bá sì yí i po, àwọn ará ilé rẹ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ dá a lẹ́kun.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó wà nídìí ohun tí ó dùn mọ́ni àti ohun tí ó kọni lóminú nínú sinimá kan tí Robert Eggers, ọmọ ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, kọ tí ó sì darí fúnra rẹ̀. *The Witch* ni orúkọ rẹ̀. Níbi àpéjọ sinimá Sundance ní oṣù Kìíní ọdún 2015 ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í han gbogbo ènìyàn, ibẹ̀ ni Eggers sì ti gba ẹ̀bùn olùdarí. Ní oṣù Kejì ọdún 2016 ni ó wọ àwọn ilé sinimá káàkiri Amẹ́ríkà. Òun ni sinimá gígùn àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà ṣe. Nǹkan bí mílíọ̀nù 4 dọ́là ni wọ́n ná sí i, owó tí kò tó nǹkan lójú àwọn oníṣòwò sinimá ilẹ̀ náà, ó sì pa nǹkan bí mílíọ̀nù 40 wọlé.

Lábẹ́ orúkọ sinimá náà, tí wọ́n fi V méjì kọ dípò W gẹ́gẹ́ bí àwọn òǹtẹ̀wé ayé àtijọ́ ti máa ń ṣe, ni wọ́n kọ ọ́ sí gbangba pé àlọ́ ilẹ̀ New England ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán bá parí, ìkọ̀wé mìíràn tún jáde. Ó ń sọ fún olùwòran pé inú àlọ́ àti inú àkọsílẹ̀ ni wọ́n ti ṣa ohun tí ó wò: ìwé ìrántí ojoojúmọ́ àwọn ènìyàn ìgbà náà, àti ìwé ilé-ẹjọ́; ó sì fi kún un pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nínú rẹ̀ ni wọ́n mú wá láti inú àwọn àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tààrà. Àlọ́ àti ìwé ilé-ẹjọ́ bá ara wọn nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, kò sì sí ohun tí ó ya èkínní kúrò lára èkejì.

Ìtàn inú rẹ̀ kò gùn. Láàrin ọdún 1630 sí 1640, William, àgbẹ̀ kan tí ó bá àwọn Puritan rékọjá òkun láti England, bá àwọn aṣáájú ìlú tí ó ń gbé jà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Lójú tirẹ̀, ìgbàgbọ́ wọn kò mọ́ tó. Wọ́n lé e jáde, ó sì kó Katherine aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn sínú kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, ó lọ dá oko sí ẹ̀gbẹ́ igbó ńlá kan níbi tí kò sí aládùúgbò. Irú ìdájọ́ yìí kì í ṣe àdámọ̀ Eggers. Ní ọdún 1635 ni ilé-ẹjọ́ Massachusetts ní kí Roger Williams kúrò ní ìlú, ní ọdún 1637 ni wọ́n sì dá irú ẹjọ́ kan náà fún Anne Hutchinson, àwọn méjèèjì nítorí ohun tí wọ́n gbàgbọ́ tí wọ́n sì fi ń kọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ̀ pé nígbà tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn odi ìlú mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ William, ẹ̀rù ti tó bà á kí igbó tó fara hàn rárá. Ènìyàn tí kò ní ìlú ni. Bí àgbàdo rẹ̀ bá rà lóko, kò sí ẹni tí yóò yá a ní ọkà. Bí ọmọ rẹ̀ bá ṣàìsàn, kò sí ẹni tí yóò bá a wò ó.

Àgbàdo náà sì rà. Thomasin ni àkọ́bí ilé náà, ọmọbìnrin tí ó ti ń di wúńdíá. Caleb ọmọkùnrin ni ó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbejì, Mercy àti Jonas. Samuel sì ni ọmọ ọwọ́, tí wọn kò tíì ṣe ìrìbọmi fún nítorí pé wọn kò ní ìjọ mọ́. Ní ọjọ́ kan Thomasin gbé Samuel sílẹ̀ ní etí igbó, ó ń bá a ṣeré. Yóò fi ọwọ́ bo ojú, yóò ṣí i lójijì, ọmọ yóò sì rẹ́rìn-ín. Ó tún bò ó, ó tún ṣí i. Nígbà tí ó ṣí ojú ní ìgbà tí ó kẹ́yìn, aṣọ tí ọmọ dùbúlẹ̀ lé ni ó kù nílẹ̀. Kò gbọ́ ẹsẹ̀, kò gbọ́ igbe. Igbó dákẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ewé díẹ̀ sì ń mì.

Kò sí sinimá ẹlẹ́rù púpọ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá tí ó fi ohun tí ó kéré tó báyìí ṣe iṣẹ́ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìyá kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀gbọ́n kọ̀ọ̀kan tí ó ti tọ́ ọmọ rí ti bo ojú báyìí, ti ṣí i báyìí. Eggers kò lo ariwo, kò lo ẹ̀jẹ̀; ó mú eré tí gbogbo ayé mọ̀, ó sì yọ ọmọ kúrò nínú rẹ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni ọkàn olùwòran kò ti ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́, nítorí pé Thomasin wà níbẹ̀, kò sì rí nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ kò lè gbà á gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè pè é ní òpùrọ́. Baba sọ pé ìkookò ni ó gbé ọmọ. Kò sí ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ ìkookò náà gbọ́, bóyá òun gan-an kò gbà á.

Bí ó bá jẹ́ pé ibi yìí ni olùdarí ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọ náà mọ, ìyìn nìkan ni ìbá kù. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ó mú olùwòran wọ inú igbó. Ẹnì kan tí ó da aṣọ pupa borí ń sáré gbé ọmọ lọ. Nínú ahéré òkùnkùn kan, arúgbó obìnrin tí ó wà ní ìhòòhò na ọwọ́ sí Samuel, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń gún nǹkan, ó ń fi ohun tí ó gún para. Ọ̀rọ̀ ti yanjú. Kò tíì ju ìdámẹ́rin sinimá lọ, olùwòran sì ti mọ ohun tí ìdílé náà kò ní mọ̀ títí wọn yóò fi kú: pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù wà lóòótọ́.

Ṣáájú kí àyẹ̀wò tó dé orí ẹ̀sùn, ó tọ́ kí a fún iṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ pọ̀. Agbègbè Kiosk ní Ontario, ilẹ̀ Kánádà, ni wọ́n ti yà á, níbi tí igi ti pọ̀ tí ojú ọjọ́ sì máa ń ṣú. Jarin Blaschke tí ó ya àwòrán náà gbára lé ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ lóde, ó sì gbára lé iná àbẹ́là nínú ilé, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú àwọn tí ó ń jẹun lálẹ́ fi dà bí ojú àwọn tí òkùnkùn ti gbé mì dé ọrùn. Àwòrán náà kò fẹ̀ tó ti ọ̀pọ̀ sinimá òde òní. Igi sì rí bí ohun tí ó ga ju bí ó ti yẹ lọ. Orin Mark Korven, tí ó lo ohun èlò olókùn àwọn ará Sweden pẹ̀lú ohùn ẹgbẹ́ akọrin tí kò kọ ọ̀rọ̀ kan tí ó yé ènìyàn, máa ń ga sókè nígbà tí kò tíì sí ohun kan lójú, ó sì máa ń dákẹ́ nígbà tí nǹkan bá dé. Àwọn ọ̀dọ́ kan ráhùn pé Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le gbọ́. Ẹni tí ó bá ti ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 kò ní ṣe wàhálà púpọ̀ kí ó tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, pàápàá bí Ralph Ineson, tí ó ṣe William, bá ń fi ohùn rẹ̀ tí ó jinlẹ̀ bí kànga gbàdúrà.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dára jù lọ ni ọ̀rọ̀ ife fàdákà. Katherine ní ife kan tí ó ti ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ wá, ó sì sọnù. Thomasin ni ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ọmọ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó rọrùn láti sọ pé ife náà sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. William ni ó gbé e tà. Ó fi í ra tàkúté tí ó lọ dẹ sínú igbó, igbó kan náà tí ó ti kà léèwọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì fi àṣírí náà han Caleb nìkan. Nígbà tí àwọn méjèèjì dé láti inú igbó, tí ìyá béèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, ọmọ ni ó purọ́ láti bo baba rẹ̀: ó ní àwọn lọ wá èso ápù ni. Baba dákẹ́. Lẹ́yìn èyí ni Caleb sọnù nínú igbó, tí ó padà wálé lálẹ́ ní ìhòòhò nínú òjò, tí ó sì dùbúlẹ̀ àìsàn. Bí ó ti ń jà fitafita lórí ibùsùn, ẹnu rẹ̀ là, èso ápù kan sì ti inú ọ̀fun rẹ̀ jáde.

Àwọn tí ó ń wá ìtumọ̀ ápù yìí nínú ọgbà Édẹ́nì kò ṣìnà, ṣùgbọ́n wọ́n fò ga ju. Ápù irọ́ ni. Ọmọ náà sọ ọ́ jáde fún ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, ó sì wá pọ̀ ọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí èso. Kò sí ẹni tí ó sọ èyí fún olùwòran. William mọ̀ ọ́n, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kò sì wí nǹkan kan. Harvey Scrimshaw, ọmọdé tí ó ṣe Caleb, sọ ọ̀rọ̀ ikú ọmọ náà, tí ó kún fún ayọ̀ àti ìfẹ́ sí Olúwa rẹ̀, lọ́nà tí ó mú kí ó ṣòro láti mọ̀ bóyá ìgbàlà ni ó dé bá a tàbí ohun mìíràn. Kate Dickie tí ó ṣe ìyá náà kò kẹ́rù rárá. Ìyá tí ó ti sunkún títí tí ìfẹ́ rẹ̀ fi di ìkà ni, gbogbo ènìyàn sì ti rí irú rẹ̀ níbi òkú ọmọ.

William náà yẹ fún àkíyèsí. Ohun kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ó la igi. Ìbọn rẹ̀ yìn padà sí i lójú nígbà tí ó fẹ́ pa ehoro, oko rẹ̀ kò so, tàkúté kò bọ́ ilé. Bí ìbànújẹ́ kọ̀ọ̀kan bá sì ti dé, yóò gbé àáké, yóò máa la igi. Òkìtì igi ìdáná náà ń ga sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bí ẹni pé òun ni irè oko. Nígbà tí òbúkọ dúdú wọn, tí àwọn ìbejì ń pè ní Black Phillip, kan án ní ìwo ní ìparí, orí òkìtì náà ni ó ṣubú sí, igi tí ó là fún ara rẹ̀ sì ya lù ú mọ́lẹ̀. Òbúkọ tí wọ́n lò fún iṣẹ́ náà, Charlie ni orúkọ rẹ̀, ṣe Ineson léṣe lóòótọ́ lẹ́nu iṣẹ́; bóyá ìdí nìyí tí ìbẹ̀rù inú ojú ọkùnrin náà kò fi jọ èyí tí wọ́n kọ́ ọ.

Nínú gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí, kò sí èyí tí ó nílò arúgbó inú ahéré. Irọ́ baba, ẹ̀dùn ìyá, ebi, ìdánìkanwà, àti ẹ̀kọ́ kan tí ó sọ fún ọmọdé pé ẹ̀ṣẹ̀ ni a fi mọ ọ́n láti inú oyún: ìwọ̀nyí tó láti fọ́ ilé. Thomasin fi ìbínú dẹ́rù ba Mercy létí odò, ó ní òun gan-an ni àjẹ́ inú igbó. Ọ̀rọ̀ eré yìí ni àwọn ìbejì gbé padà wá nígbà tí Caleb dùbúlẹ̀, wọ́n sì nàka sí i. Báyìí gan-an ni ẹ̀sùn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà Yorùbá ti fi òwe kan sọ ọgbọ́n orí afẹ̀sùnkàn láìku ohun kan: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Agbára òwe náà wà nínú ìbéèrè rẹ̀. Ohun méjì tẹ̀ lé ara wọn, ọkàn sì fi okùn so wọ́n pọ̀. Ohun tí ahéré Eggers ṣe ni pé ó dáhùn ìbéèrè náà. Ó fi ojú kámẹ́rà rí i pé òun ni ó pa á.

Àwọn kan fẹ́ gba sinimá náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn yìí. Wọ́n ní àgbàdo tí ó rà ni ó ń da orí ìdílé náà rú, pé ìran òfìfo ni gbogbo ohun tí wọ́n rí. Èrò yìí ní baba: ní ọdún 1976 ni Linnda Caporael kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn *Science* pé ó ṣeé ṣe kí olú kan tí ó máa ń mú ọkà rye jẹ́ okùnfà wàhálà Salem, àwọn onímọ̀ mìíràn sì ti ta kò ó gidigidi. Ṣùgbọ́n nínú sinimá yìí kò lè dúró. Kò sí ọ̀kan nínú ìdílé William tí ó wà nínú ahéré nígbà tí wọ́n pa Samuel. Kò sí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú tí ó rí i. Olùwòran nìkan ni ó ṣojú rẹ̀, olùwòran kò sì jẹ àgbàdo.

Àlọ́ ni, ni ìdáhùn tí ó lágbára jù. Nínú àlọ́, iwin wà, kò sì sí ẹni tí yóò dá apàlọ́ lẹ́bi pé ó jẹ́ kí iwin wà. Eggers fúnra rẹ̀ fẹ́ kí olùwòran fi ọkàn Puritan ìgbà náà wo ayé, ọkàn tí àjẹ́ jẹ́ òtítọ́ fún bí òjò ti jẹ́ òtítọ́. Ìdáhùn yìí ìbá parí ọ̀rọ̀, bí kò bá jẹ́ ti ìkọ̀wé tí ó jáde ní ìkẹyìn. Apàlọ́ kì í mú ìwé ilé-ẹjọ́ lọ́wọ́. Ilé-ẹjọ́ wo sì ni? Àwọn ilé-ẹjọ́ tí ó ń pa ènìyàn ni. Ní ọdún 1641 ni Massachusetts ti kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé pípa ni kí wọ́n pa ẹni tí ó bá jẹ́ àjẹ́. Ní ọdún 1692, ní Salem, wọ́n so ènìyàn 19 kọ́ ní ọrùn. Giles Corey, arúgbó ọkùnrin tí kò gbà láti jẹ́jọ́, ni wọ́n di òkúta lé láyà títí ó fi kú. Dorothy Good, ọmọdébìnrin tí kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 4 tàbí 5 lọ, wà nínú ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀rí tí wọ́n gbà níbẹ̀ ni pé òjìji olùjẹ́jọ́ wá fún afẹ̀sùnkàn lọ́rùn, òjìji tí afẹ̀sùnkàn nìkan rí. Gómìnà Phips tú ilé-ẹjọ́ náà ká ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ní ọdún 1697 ni Samuel Sewall, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, dìde dúró nínú ìjọ kí wọ́n ka ìwé tí ó fi gba ẹ̀bi sí ara rẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe ohun kékeré pé kámẹ́rà wọ ahéré. Ohun tí afẹ̀sùnkàn sọ pé òun rí ní ọdún 1692 tí ẹlòmíràn kò rí, kámẹ́rà ti wá rí i, ó sì ti ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìkọ̀wé wá jáde láti sọ pé inú àkọsílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá. Ọ̀dọ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa Salem yóò jáde ní ilé sinimá pẹ̀lú èrò pé àwọn adájọ́ wọ̀nyẹn le díẹ̀ jù, ṣùgbọ́n pé wọn kò ṣìnà pátápátá.

Ó ṣeé ṣe láti ṣe é lọ́nà mìíràn, ẹnì kan sì ti ṣe é. Ní ọdún 1943, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì wà ní ilẹ̀ Denmark, Carl Theodor Dreyer ṣe *Vredens Dag*, tí ìtàn rẹ̀ bọ́ sí ọdún 1623. Wọ́n sun arúgbó obìnrin kan níná nínú rẹ̀. Anne, ọ̀dọ́bìnrin tí ó fẹ́ àgbà àlùfáà, sọ fún ọkọ rẹ̀ lójú pé òun ti fẹ́ kí ó kú, ọkọ sì ṣubú lulẹ̀, ó kú. Dreyer kò fi ẹ̀mí àìrí kan han ẹnikẹ́ni. Ní ìkẹyìn, níwájú pósí, Anne gba ẹ̀sùn náà lé ara rẹ̀ lórí, olùwòran kò sì mọ̀, títí di òní, bóyá ó gbà á gbọ́ tàbí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù inú sinimá yẹn ń rọra wọni lára, kò sì ní ibi tí ó ti lè jáde.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ó kan àwọn tí ń fi èdè Yorùbá kọ́ni, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ìtàn sinimá yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yóò pe obìnrin inú ahéré ní àjẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe lókè. Èdè kò fún un ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú rẹ̀ tí odindi rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1884: ní Eksodu orí 22 ẹsẹ 18, ẹsẹ kan náà tí òfin ọdún 1641 fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ lé, àjẹ́ ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ọ̀rọ̀ méjèèjì rù kò dọ́gba. Obìnrin tí àwọn Puritan ń bẹ̀rù ti fi ọwọ́ sí ìwé Èṣù ti Bíbélì, ó ti bá a dá májẹ̀mú, kò sì sí ire kankan tí ó lè ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Àwọn tí Yorùbá ń pè ní ìyá wa ní agbára tí ó lè tú ilé ká, tí ó sì lè tún un ṣe; àwọn ni àwọn ará Kétu àti agbègbè rẹ̀ ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti tù lójú. Kò sí ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ẹyẹ inú sinimá náà fi ìṣìnà yìí hàn. Ní òru tí ó ṣáájú òpin, Katherine rò pé Samuel padà wá, ó sì fún un ní ọmú. Ẹyẹ ìwò ni ó wà ní àyà rẹ̀, ó ń ṣá a ní ọmú, òun sì ń rẹ́rìn-ín. Olùwòran Yorùbá yóò yára sọ pé ẹyẹ àjẹ́ ni. Ohun tí ó wà níbẹ̀ yàtọ̀. Ní England ìgbà náà, wọ́n gbà pé Èṣù a máa fún àjẹ́ ní ẹran kékeré kan tí yóò máa mu ọmú lára rẹ̀, nítorí náà ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sí ìhòòhò láti wá ọmú ìkọ̀kọ̀ náà. Eggers gbé àmì tí ilé-ẹjọ́ fi ń mọ àjẹ́, ó fi í sára ìyá tí ó ń fẹ̀sùn kan ọmọ rẹ̀. Níbí yìí ni ó ti lo àkọsílẹ̀ lọ́nà tí ó fi dá àkọsílẹ̀ náà lẹ́jọ́. Ìbá wù ènìyàn kí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo.

Òpin rẹ̀ ni ó pín àwọn olùwòran níyà jù. Gbogbo ará ilé ti tán. Thomasin ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìyá rẹ̀ nígbà tí ìyá fẹ́ fún un lọ́rùn pa. Ó wọ ilé ẹran lálẹ́, ó ní kí Black Phillip bá òun sọ̀rọ̀. Òbúkọ náà sì sọ̀rọ̀. Ó ṣeni láàánú pé ó sọ̀rọ̀, nítorí pé fún wákàtí kan ààbọ̀ ni ẹran náà ti fi ìdákẹ́jẹ́ bani lẹ́rù ju gbogbo ohùn tí wọ́n lè fi sí i lẹ́nu lọ. Ohun tí ó fi lọ ọmọbìnrin náà ni bọ́tà, aṣọ tí ó dára, àti ààyè láti rí ayé. Anya Taylor-Joy gbọ́ èyí pẹ̀lú ojú ẹni tí ebi ti ń pa láti ọjọ́ pípẹ́, ẹni tí wọ́n ti ń gbèrò láti fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ẹlòmíràn. Ó fọwọ́ sí ìwé, ó rìn wọ inú igbó ní ìhòòhò, ó bá àwọn yòókù yí iná ká, ó gbéra nílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan pe ìyẹn ní òmìnira obìnrin. Bí wọ́n ti rò ó yé ènìyàn: nínú ilé tí ó ti wá, kò sí ohun tí ó ṣe tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín gbọ́dọ̀ gbàgbé ohun tí wọ́n gún nínú ahéré ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó gbà á sọ́dọ̀ ni wọ́n pa àbúrò rẹ̀ tí ó ń bá ṣeré. Olùdarí kò lè fi ahéré náà hàn wá kí ó sì tún fẹ́ kí ọkàn wa fúyẹ́ lójú iná náà. Bí ó bá jẹ́ pé ó dá ahéré sí, kí ó fi ikú Samuel sílẹ̀ sínú ewé tí ń mì yẹn, ẹ̀rín Thomasin ìbá ṣeé túmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ìbá sì ń dẹ́rù bani.

Ní ọdún 2022 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Massachusetts tó wẹ orúkọ Elizabeth Johnson mọ́, obìnrin tí wọ́n dá lẹ́bi ikú ní àkókò Salem ṣùgbọ́n tí wọn kò pa. Orúkọ rẹ̀ ni ó kù nínú àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi nígbà náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé kan ní North Andover, pẹ̀lú olùkọ́ wọn, ni wọ́n ka ìwé ẹjọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn aṣòfin. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi sinimá yìí han àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe fún ọmọdé. Bí àkókò kò bá sì gba gbogbo rẹ̀, ojú ìran kan wà nídìí oúnjẹ alẹ́ tí ó tó fún wákàtí ẹ̀kọ́ kan. Àbẹ́là ń jó. Ìyá ń béèrè ife baba rẹ̀ lọ́wọ́ Thomasin, Thomasin ń wí pé òun kò fọwọ́ kàn án, baba tí ó mọ ẹni tí ife náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì jókòó tì wọ́n, ó ń gbọ́.